Ìràwọ̀ Méjì fún Ìwé Ládi Tanko

Nígbà tí Alhaji Sàlíhù Jọláyẹmí fẹ̀yìntì, kò ra ewúrẹ́, kò sì dá oko. Ìwé ló ń kà. Láàárọ̀, bó bá ti mu kókó tán, á gbé àga sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nínú ọgbà rẹ̀ ní Runjin Sambo, ní Sokoto, á kàwé títí oòrùn yóò fi lé e wọlé. Bó bá ka ìwé kan tán, á kọ àríwísí rẹ̀ sí ojú ewé rẹ̀ lórí ayélujára, á sì fún un ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún.

Sokoto ni wọ́n bí i sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí ipò ọ̀gá àgbà ṣófo ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kofar Rini, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìntì. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́ ló wà lára ẹgbẹ̀rún méje ènìyàn tó ń ka ohun tó ń kọ.

Ìwé ìpànìyàn ló fẹ́ràn jù. Ohun tí kò lè gbà ni kí ènìyàn parọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó kọ nígbà kan pé ẹni tí ọta ìbọn bá bà níkùn kì í ráyè sọ̀rọ̀ tó kún ojú ewé méjì. Ó kọ nípa ìwé mìíràn pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì dúńbú àgbò rí, ká má tíì sọ ti ènìyàn. Àwọn tó ń kà á rẹ́rìn-ín. Àwọn òǹkọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fi àwòrán àdá ránṣẹ́ sí i. Òmíràn ní òun yóò ṣẹ́ ìka tó fi ń tẹ fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku oṣù méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ju òkúta láti ojú títì, gíláàsì fèrèsé sì ya Àlàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ lápá. Ojú abẹ́rẹ́ méje ni wọ́n fi rán ọgbẹ́ náà. Àlàkẹ́ bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó jáwọ́. Ó ní òtítọ́ lòun ń kọ, òun ò sì ní torí òkúta jáwọ́.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ló ka ìwé tí obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ládi Tanko kọ. Nínú ìwé náà, wọ́n fi irin pa ọkùnrin oníṣòwò aṣọ kan nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Gusau. Ojú ewé mẹ́rin ni ìpànìyàn náà gbà. Ọkùnrin náà ń pariwo, ó ń ké pe aládùúgbò, ẹ̀jẹ̀ sì ta dé àjà. Alhaji fún un ní ìràwọ̀ méjì, ó sì ṣàlàyé ìdí tó fi yọ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà kọ̀wé sí i. Kò bú u. Ó dúpẹ́, ó sì béèrè inú ìwé wo ni Alhaji ti rí ohun tó sọ. Alhaji fèsì pé kì í ṣe inú ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí obìnrin náà tó tún kọ̀wé. Ó ní Sama Road, ní Sokoto níbẹ̀, lòun ń gbé, òun sì fẹ́ wá kí wọn. Inú Àlàkẹ́ dùn pé a rí òǹkọ̀wé kan tó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀. Obìnrin náà á tó ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Uwais, tó ń ṣiṣẹ́ jórinjórin, ló bá a wá. Wọ́n kí bàbá, wọ́n kí màmá, wọ́n jókòó. Àlàkẹ́ gbé kunu fún wọn. Uwais kò mu ún.

"Bàbá," ni obìnrin náà wí, "ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ àríwísí yẹn? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún yín?"

"Èmi ni. Má bínú, ọmọ mi. Ẹ̀yin èwe kì í wo nǹkan dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ ọ́."

Obìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Uwais dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbá Alhaji lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, imú rẹ̀ fọ́. Nígbà tí bàbá náà gbọ́wọ́ sókè, ó di ọwọ́ náà mú, ó ń fi lu etí tábìlì títí ọrùn ọwọ́ fi kán. Àlàkẹ́ bẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, Uwais jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Igbe Àlàkẹ́ ló kó àwọn aládùúgbò jọ. Ọkùnrin mẹ́rin ló já ilẹ̀kùn, wọ́n sì tẹ Uwais mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn òǹkọ̀wé tún ti dé, kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

Àlàkẹ́ gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. "Torí ìràwọ̀ méjì," ló ń sọ. "Ẹ fẹ́ pa á torí ìràwọ̀ méjì."

Obìnrin náà kò tíì kúrò lórí àga. Ó na fóònù rẹ̀ sí i. "Màmá, ṣé ẹ ti ka ohun tí wọ́n kọ?"

Àlàkẹ́ kò kà á rí. Ó kà á sókè báyìí: "Irọ́ ni ariwo yìí. Ẹni tí wọ́n bá fi irin gbá ní ìpàkọ́ kì í pariwo. Yóò jókòó sílẹ̀, yóò máa pe orúkọ àwọn ọmọdé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí tíṣà ń pe rẹ́jísítà láàárọ̀, títí wọn ó fi gbá a lẹ́ẹ̀kẹrin."

"Hámzà Ọpẹ́láyọ̀ ni bàbá wa, ọ̀gá iléèwé tí wọ́n ní olè pa, tí ọkọ yín gba ipò rẹ̀," ni obìnrin náà wí, "mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pariwo ni, torí èmi ọmọ ọdún mẹ́fà tó sá sẹ́yìn àmù àti ẹni tó ń gbá a nìkan la gbọ́ orúkọ tó ń pè, nígbà tó sì dé orí tèmi, mo ki aṣọ bọ ẹnu kí n má baà dáhùn."