Ọjọ́ Tí Bàbá Fẹ́ Já Iná

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n fi àyẹ̀wò náà sí. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, Ọ̀gá ti mu omi ife mẹ́ta, ó sì ti sáré lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Òun ló ya àwòrán ilé náà láti ìpìlẹ̀: gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀rin kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yàrá bátìrì, jẹnẹrétọ̀ méjì tó ga ju ènìyàn lọ, àti àwọn ẹ̀rọ amúlétutù tí kò gbọdọ̀ sinmi, torí kọ̀ǹpútà tó bá gbóná jù kì í pariwo, ńṣe ló kàn máa ń kú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n já iná ìjọba lójú oníbàárà, kó lè rí i pé jẹnẹrétọ̀ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Ìdọ̀tí ló dí ọ̀nà epo. Olùdarí sọ fún Ọ̀gá lọ́jọ́ náà pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa jókòó sórí àga rẹ̀.

Oníbàárà ọ̀hún ti tún dé báyìí. Obìnrin kúkúrú kan ni, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn mọ́kànlá ló fẹ́ kó wá síbẹ̀. Ó fi ìwé àdéhùn sórí tábìlì, ó gbé bírò lé e, kò ṣí ìdérí bírò náà.

"Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá," ó wí. "Ṣé ẹni tó já a nígbà yẹn ló tún máa já a lónìí?"

"Àwọn náà ni mà. Kò sẹ́ni tó mọ súìṣì yẹn bíi tiwọn."

Ẹni tí wọ́n ń sọ ni Bàbá, àgbà oníṣẹ́ iná, tó ti wà níbẹ̀ kí Ọ̀gá tó dé. Lẹ́nu iṣẹ́, Ọ̀gá ló ń pàṣẹ fún un. Bí wọ́n bá délé, Ọ̀gá ló ń kúnlẹ̀ kí i, torí Bàbá ló bí ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í rọrùn, nítorí Bàbá kì í dúró gba àṣẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánrawò lánàá, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀wá bọ̀ wálẹ̀; ó ku mẹ́rin ni Bàbá ti já iná. Ó ní ọwọ́ ló ń yún òun. Ta ló fẹ́ bá bàbá ọkọ ẹni wí nítorí ìyẹn?

"Bàbá, ẹ máa lọ o," Ọ̀gá wí. "Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ pè mí lórí wọ́kì-tọ́kì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí lónìí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la máa fi wà láìsí iná ìjọba, kẹ́ ẹ tó dá a padà."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá mi." Bàbá yíjú sí oníbàárà. "Ọ̀gá níbí, ìyàwó nílé. Ibo ni kí n sá gbà?"

Ó di orúnkún rẹ̀ tí kò gba àtẹ̀gùn mọ́ mú, ó rọra jáde. Àjà kẹta ni wọ́n wà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yàrá súìṣì.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, Ọ̀gá tẹ wọ́kì-tọ́kì. "Bàbá, ṣé ẹ ti débẹ̀?" Kẹ̀ẹ̀ kẹ̀ẹ̀ nìkan ló ń ṣe. Ògiri ilé náà nípọn, ohùn kì í sábà là á kọjá.

"Ohun tẹ́ ẹ máa rí nìyí, mà," ó wí fún oníbàárà. "Tíná bá lọ, bátìrì á gbà á lójú ẹsẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ ní mọ̀. Lẹ́yìn náà..."

Gbogbo gílóòbù òkè orí wọn kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá yìí! Ọ̀gá gé ètè jẹ, ṣùgbọ́n ó yára fi ẹ̀rín bò ó. "Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn," ó ní. "A kì í kìlọ̀. Iná gan-an kì í kìlọ̀ kó tó lọ."

Oníbàárà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ọ̀gá ń kà nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tó ka mẹ́sàn-án, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n: jẹnẹrétọ̀ kìíní ti jí. Nígbà tó ka mẹ́rìnlá, èkejì dá a lóhùn, gílóòbù sì tàn. Lójú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wọn, àwọn ẹ̀rọ amúlétutù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ooru gbọ̀ngàn gòkè díẹ̀, ó dúró, ó padà wálẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó kú. Ó ń ṣe Ọ̀gá bíi kó fò sókè. Ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀.

Oníbàárà dìde lọ sójú fèrèsé. Ní òdìkejì títì, aránṣọ kan gbé àga rẹ̀ jáde síta, ó jókòó, ó ń fi páálí fẹ́ ara.

"Àdúgbò yín pa rọ́rọ́," oníbàárà wí. "Ìgbà wo niná ìjọba máa wá padà?"

"Ìgbà tá a bá fẹ́ ni, mà." Ọ̀gá fẹ̀yìn ti àga. "Ọwọ́ wa ló wà."

Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún, iná ìjọba padà dé. Jẹnẹrétọ̀ méjèèjì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì dákẹ́ láìjà láìta. Oníbàárà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ọgbọ̀n lẹ sọ."

"Bàbá wa ló ń wo aago, mà. Aago tiwọn máa ń sáré."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀. Ó ṣí bírò, ó fọwọ́ sí ìwé náà lójú mẹ́ta. Omi lé sójú Ọ̀gá, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti gba ìwé lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti ṣílẹ̀kùn wọlé, tí òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin. Ọ̀gá kúnlẹ̀ fún un níbi iṣẹ́ níbẹ̀, kò bìkítà fún ẹni tó ń wò.

"Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni! Ẹ ò kúkú dúró dè mí, ṣùgbọ́n kò sí wàhálà."

Bàbá wo Ọ̀gá, ó wo oníbàárà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, má bínú pé mo jẹ́ kí àlejò dúró: inú lífítì ni mo wà nígbà tí wọ́n mú iná lọ, àárín àjà kejì sí ìkíní ni mo há sí látìgbà yẹn, jẹnẹrétọ̀ kì í kúkú gbé lífítì, ó yá, ṣé kí n wá sọ̀ kalẹ̀ lọ já a báyìí?"