Ìyàwó Ń Fọ́ Róbọ́ọ̀tì

Ìró òòlù ló pàdé màmá bó ṣe ti ọ̀nà àjò dé ilé ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó ọmọ náà ló ń fọ́ àwọn róbọ́ọ̀tì oníke tí ọkọ rẹ̀ ti ń tò, tó ń kùn lọ́dà, láti ọdún mẹ́fà.

Orí ń fò, ẹsẹ̀ ń fò. Ọkọ dúró sí kọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀.

Màmá di ọwọ́ ìyàwó mú. "Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́. Kí ló ṣe tó le tó báyìí?"

"Màmá, ọmọ-ọmọ yín ṣèèṣì ṣẹ́ apá ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀. Ni bàbá rẹ̀ bá ṣẹ́ apá ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù."

Màmá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọkọ wolẹ̀.

Màmá fi ọwọ́ ìyàwó sílẹ̀. Ó gbé róbọ́ọ̀tì kan tó kù lórí pẹpẹ, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ìyàwó.

"O gbàgbé èyí."