Àtẹ́wọ́ fún Gólù Karùn-ún

Ẹgbẹ́ àlejò gbá gólù karùn-ún wọlé, ni gbogbo èrò pápá họ́kì orí yìnyín Saskatoon bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Sílé tiwọn ni gólù ọ̀hún wọ̀ o!

Marlys náà dìde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun nìkan ló jókòó, gbogbo ojú wá ń wò ó.

"Màmá, ẹ pàtẹ́wọ́ kó dún!" Trevor, òǹwòran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn ní sáà yìí ló máa kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n gbá jù lóṣù kẹfà. Ká ṣáà máa fìdí rẹmi lọ."

"Tí ẹgbẹ́ wa bá wá borí ńkọ́?"

"Ẹ má ṣépè fún wa! Asẹ́ ni aṣọ́lé wa yìí, kò lè gba nǹkan kan dúró. Kí Ọlọ́run bù kún ìyá tó bí i!"

"Àmín," ni Marlys wí.

Ó fa síìpù kóòtù rẹ̀ dé ọrùn, ó fi bo báàjì àyà rẹ̀: fọ́tò ọmọ ọdún mẹ́fà kan nínú ẹ̀wù aṣọ́lé.

Lórí yìnyín, aṣọ́lé ṣí ìbòjú rẹ̀. Ó gbójú sókè wá ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré tí gólù bá ti wọlé.

Ó rí i.

Ìyá rẹ̀ wà lórí ìdúró, ó ń pàtẹ́wọ́.