Àìsàn Bàbá Ẹ̀bùn

Ọláyínká ṣìnà láàárín Banigbé àti Ifangni, lójú ọ̀nà tó ti ń rìn láti kékeré. Ilé àna rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Nígbà tó dé oríta, ó dá alùpùpù rẹ̀ dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì yà síbi tí kò yẹ. Igolo ló bá ara rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó bọ́ sí Nàìjíríà. Sọ̀fíyù, tó ń ṣẹ́ owó lẹ́nu bodè, ló dá a mọ̀, tó gun alùpùpù tirẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ títí dé ilé.

"Ẹ má jẹ́ kó dá jáde mọ́," ni Sọ̀fíyù sọ fún Ọyakẹ́mi, ìyàwó Ọláyínká. "Mo bi í pé ibo ló ń lọ, ó ní kí n dúró ná, kí òun wò ó."

Ọyakẹ́mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù ọkọ rẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró.

Òun náà ti ń kíyè sí ọkọ rẹ̀. Tó bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kì í tètè jẹ ẹ́. Á kọ́kọ́ na ọwọ́ méjèèjì sórí àwo, bí ẹni tó ń súre fún ẹ̀bà. Àtàǹpàkò rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà míì á ṣàdédé fọwọ́ gbá àyà, á gbá itan, á gbá ìdí, bíi pé èèrà wọ aṣọ rẹ̀. Ní ilé ìwé tó ti ń kọ́ni, ó dúró níwájú pátákó, ó fẹ́ sọ orúkọ olú-ìlú Màlì fún àwọn ọmọ, kò rí i sọ. Ọ̀gá ilé ìwé ní kó lọ sinmi nílé.

Ìjádé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá láti Daagbé. Ó jókòó tì í lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé, ó ń pariwo bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀.

"Ọláyínká! Ṣé o mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Ìjádé ni yín." Ọláyínká gbójú sókè. "Ìgbà wo la gbin igi yìí?"

Ìjádé wo Ọyakẹ́mi. Igi náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé.

"Bí ti bàbá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn," ni Ìjádé wí nígbà tí òun àti Ọyakẹ́mi wọlé. Ó fi etí agbádá nu ojú. "Ọ̀rọ̀ igi náà ni."

Ọyakẹ́mi kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ fún un. Ọláyínká ti tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ìgbà wo lo ní àmì yìí lágbọ̀n?" Ọyakẹ́mi ní wọ́n bí i mọ́ òun ni. Ọkọ rẹ̀ bá tẹ̀ lé e dé ìdí ààrò, ó jókòó lórí àpótí, ó ń bi í ní tibí, ó ń bi í ní tọ̀hún, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tó bá fi dá a lóhùn. Nígbà tí Ẹ̀bùn, ọmọ wọn, gbé omi wá, ó di ọmọ náà lágbọ̀n mú.

"Ta lọmọ yìí fi eyín jọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Ẹ̀bùn."

Inú rẹ̀ dùn. Ọyakẹ́mi yíjú sí ìkòkò.

Ìjádé ló ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Élodie, nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, fi àga fún Ọláyínká.

"Bọ̀n, ó dáa. Ẹ ka nọ́ńbà ìyàwó yín fún mi."

Ọláyínká fọwọ́ gbá àyà, ó gbá itan.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọmọ yín?"

Àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí orúnkún. "Wọ́n máa ń rán mi létí," ló wí.

Élodie nàka sí ojú fèrèsé. Òjò ti ṣú lórí àwọn ọ̀pẹ, àwọn obìnrin sì ń sáré kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá.

"Ṣé òjò máa rọ̀ lónìí?"

Ọláyínká wo ojú ọ̀run títí. "Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀?" ló béèrè.

Ìjádé fọwọ́ bojú.

Élodie ní kí Ọláyínká lọ jókòó síta ná. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé ó máa kú ni?" Ìjádé béèrè.

"Rárá o. Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ohun tó máa wò ó sàn wà, wọ́n ń tà á káàkiri ọjà. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí, á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

Ìjádé dìde. "Ẹ jẹ́ n lọ rà á."

Ọyakẹ́mi di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Kí ló dé? Ṣé o ò fẹ́ kó yá ni?"

"Mo fẹ́ kó yá." Ó wo ìta láti ojú fèrèsé. Ọláyínká ń bá ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀ nípa ewúrẹ́, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ yẹn... Màdáámù, ṣé ó lè dúró di òpin oṣù?"

Élodie wò ó dáadáa. "Kò léwu," ló wí. "Ẹ ṣá má jẹ́ kó dá rìn."

Nígbà tí wọ́n jáde, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọláyínká na ọwọ́ síta, ó wo omi tó ń kán sí i.

"Òjò ni," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Òjò ni," Ọyakẹ́mi dá a lóhùn.

Ó wá di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń mú un sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí ara rẹ̀ le koko, tí fóònù rẹ̀ já bọ́ sínú ṣáláńgá lọ́sẹ̀ tó kọjá.