Afẹ́fẹ́ Àfonífojì

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé ilé tuntun náà, télọ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè wo òkè. Àwọn tó bá wọn gbé ẹrù ń sọ pé ibí yìí mà dára o, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, odò tó mọ́ gaara ń ṣàn láàárín. Ojú ọkọ rẹ̀ ni òun ń wò ní tirẹ̀, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká, ó ń gbé e wọlé.

"Baálé mi, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó lọ́jọ́ tá a dé ni?"

"Bí mi ò bá gbé nǹkan, ìrora àyà mi á tún le sí i. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ jókòó."

Télọ̀ jókòó sórí àpótí aṣọ. Òun náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, nítorí gígun òkè ò rọrùn fún ẹni tí kò tiẹ̀ ru nǹkan kan.

Àìsàn àyà ló lé wọn wá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ya fọ́tò àyà ní ọsibítù, torí ikọ́ ò jẹ́ kí ilé wọn sinmi. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, káfíńtà nìkan ló lọ gbà á, iṣẹ́ oníbàárà wà lọ́rùn télọ̀. Nígbà tó dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ní ti ìyàwó òun dáa, tòun ni kò dáa. Dókítà ní kí àwọn sá kúrò nínú eruku àti èéfín ìlú.

"Mo sọ fún yín," ni télọ̀ wí, ó bú sẹ́kún. "Mo ní eruku igi yẹn á ṣe yín léṣe, ẹ ò gbọ́."

Káfíńtà wo òwú àti àjákù aṣọ tó kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Obìnrin tí ibà ò lè mú kó ti ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n bá ní kó sinmi, tó máa ní inú sàréè lòun á ti sinmi, òun náà ló dá aṣọ padà fún àwọn oníbàárà lọ́sẹ̀ yẹn tó sì di ẹrù. Ó ní aṣọ ṣe é rà, ọkọ ò ṣe é rà.

Oògùn wá di ìjà. Ó korò bí jogbo, káfíńtà sì ní òun ò lè gbé e mì àfi bí ìyàwó òun bá kọ́kọ́ mu. Télọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó bínú, kò gbà. Nígbà tó sú u, ó da ṣíbí kan sẹ́nu, ó fajú ro.

"Ó ti wọlé. Ó kù sọ́wọ́ yín."

Káfíńtà gba ṣíbí tirẹ̀, ó gbé e jáde sẹ́yìnkùlé. Ó ní òun ò fẹ́ kí obìnrin rí irú ojú tí òun máa fà. Láàárọ̀, lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. "Àgbàlagbà tó ń ṣe bí ọmọ ọwọ́," ni télọ̀ máa ń kùn, á sì mu ún, kí ọkọ rẹ̀ má baà rí àwáwí.

Káfíńtà kan bẹ́ǹṣì kan sétí odò. Ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó wá jókòó, kó wo bí kùrukùru ṣe ń ká kúrò lórí òkè.

"Mi ò wá wo òkè," ni télọ̀ wí. "Ẹ̀yin ni mo wá wò."

Lọ́jọ́ mìíràn, télọ̀ bá ọkọ rẹ̀ lórí òrùlé, tó ń kan páànù tó ń jò. Télọ̀ di ògiri mú. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ di àyà, ó wúkọ́. Télọ̀ ń gbá a lẹ́yìn, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ọmọbìnrin wọn pè láti ìlú. Ṣé màmá jẹun? Ṣé màmá rí oorun sùn?

"Bàbá rẹ ló ń ṣàìsàn, o ò béèrè ẹ̀. Irú ọmọ wo nìyí?"

Ọmọ ní kí wọ́n gbé fóònù fún bàbá.

Télọ̀ ń rù sí i. Aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán wá ń ṣò ó. Ó ní ìrònú ni, pé ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí ẹran ara? Tí wọ́n bá ń bọ̀ láti odò, á jókòó sójú ọ̀nà, á ní òun ń dúró de ọkọ òun, bẹ́ẹ̀ iwájú ni ọkọ wà, tòun ti korobá omi méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri àfonífojì máa ń yà wò wọ́n. Á gbọ́ àyà káfíńtà, kì í pẹ́ níbẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n wo tiyín náà. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ó yẹ ká máa yẹ òun náà wò." Á sì fara balẹ̀.

Lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn, ojú nọ́ọ̀sì fà ro bó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí bàbá sin òun dé ìta.

Télọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ẹ̀rù bà á bí kò ṣe bà á rí. Ó fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn, èémí rẹ̀ ò tó o. Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé.

"Ọlọ́run, mo bẹ̀ ọ́. Ohun tó wà láyà ọkọ mi, gbé e wá sí tèmi. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní ráhùn. Èmi ni kí o mú, fi òun sílẹ̀."

Ibẹ̀ ló wà tí ohùn nọ́ọ̀sì fi gba ojú fèrèsé wọlé: "Bàbá, ẹ yéé wúkọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, ara tiyín le, oògùn yẹn ni kò ṣiṣẹ́ lára màmá mọ́, ó sì yẹ kí màmá gbọ́ ọ lẹ́nu yín lónìí pé àwọn gan-an ni dókítà ní kí ẹ gbé wá síbí."