Ọṣẹ Tó Bó Nàfíù Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó wẹ ọmọ yín lónìí.

1. Roheemat ń se ọṣẹ ní Ayétòrò. Láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ìlànà rẹ̀ ti wá: gíráàmù 560 pọ́táàsì, kẹ́míkà tó ń sọ epo di ọṣẹ, sí epo kílò mẹ́ta. Ọdún méjì ló fi ṣe é, ẹnikẹ́ni ò ráhùn.

2. Nígbà tó yá, pọ́táàsì ò wọlé láti ẹnubodè mọ́. Roheemat ra kọ́sítíìkì sódà dípò rẹ̀ ní Ìlaròó, ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, ó fẹ́ wọn gíráàmù 560 bíi ti tẹ́lẹ̀. Mẹ̀dínátù ọmọ rẹ̀, tó wà ní SS2, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, ó ti pọ̀ jù! 400 ni kí ẹ wọ̀n."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Iye mólékù, ẹyọ kéékèèké inú kẹ́míkà, ló ń bá epo ṣiṣẹ́, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó. Móòlù la fi ń kà wọ́n, bí a ṣe ń fi dọ́sìnì ka ọsàn. Móòlù kan pọ́táàsì wúwo tó gíráàmù 56, ti sódà ò ju 40 lọ. 560 pọ́táàsì, móòlù mẹ́wàá ni. 560 sódà, mẹ́rìnlá ni! Mẹ́rin tó lé yẹn ò ní rí epo bá ṣiṣẹ́. Ara èèyàn ló máa jẹ."

Roheemat bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá oníkẹ́místírì! Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ní ọṣẹ síse? Ọsàn kọ́ là ń sè níbí o. Gbé báàgì ẹ, o ti pẹ́."

Ó wọn 560.

3. Ọṣẹ náà le, ó ń dán, ó dára lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń ta Roheemat lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, kò kà á sí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fi wẹ Nàfíù, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù méje.

Ọmọ náà ké. Kì í ṣe igbe ebi, ẹ̀yin náà mọ irú igbe tí mò ń wí. Roheemat rò pé omi ló tutù. Ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó sì tún fi ọṣẹ kún un. Ìgbà tó máa da omi sí i, awọ ẹ̀yìn ọmọ ti ń bó.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Kí lẹ fi wẹ̀ ẹ́?" Roheemat na ọṣẹ náà sí i.

Mẹ̀dínátù sáré dé pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. "Màmá, ó yẹ kí n ti da sódà yẹn nù."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. O sọ fún mi. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò níbẹ̀. Nàfíù yè, ṣùgbọ́n àpá náà gba gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Títí di òní, tó bá ti rí ìfófòó nínú baṣíà, ó máa rọ̀ mọ́ ọrùn ìyá rẹ̀, á máa gbọ̀n.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá: ìwọ̀n lè dọ́gba kí iye má dọ́gba. Ẹ má fi kẹ́míkà kan rọ́pò òmíràn láìṣírò rẹ̀. Bí ọmọ tí ẹ rán nílé ìwé bá sì ní kí ẹ ní sùúrù, ẹ gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ tán. Ara ọmọ ọwọ́ ò gba àṣìṣe wa.