Òfin Yẹ̀kínì Lórí Pápá

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàbọ̀. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì kà á sí ẹlòmíì létí.

1.
Ní ọdún 1991, Yẹ̀kínì panẹ́bítà ni bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Igbó-Elérin ní Okokomaiko. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọláyíwọlá, ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú, òun náà ló ra irinṣẹ́ àkọ́kọ́ fún un. Ènìyàn dáadáa ni Yẹ̀kínì, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni. Ó ní obìnrin ò gbọdọ̀ tẹ pápá títí fèrè ìparí á fi dún, pé ẹsẹ̀ obìnrin máa ń dí ojú góòlù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Òun fúnra rẹ̀ ni!

2.
Ọjọ́ àṣekágbá pé, àwọn àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbà. Èrò kún bámúbámú. Láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Alaba ni Ọláyíwọlá ti wá, ó dúró ní ìhà kejì pápá, ó ń jẹ súyà. Yẹ̀kínì ò mọ̀ pé ó ti dé.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Igbó-Elérin gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ọláyíwọlá fò sókè, ó pariwo "Góòlù!" pẹ̀lú ẹran lẹ́nu. Ẹran há sí i lọ́fun. Ó di ọrùn mú, ojú rẹ̀ yọ, ó ṣubú lulẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí ní wárápá ni, wọ́n sá sẹ́yìn. Ẹnì kan da omi lé e lórí.

3.
Ará Ìbà kan, tí kò mọ ẹni tó ṣubú, sáré gba àárín pápá wá bá Ọmọ́yẹni, nọ́ọ̀sì kan tó dúró nítòsí Yẹ̀kínì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà wá o! Ẹnì kan ò lè mí lọ́hùn-ún!"

Ọmọ́yẹni ki eré mọ́lẹ̀. Yẹ̀kínì gbá a lápá mú.

"Màdáámù, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹni yẹn ń kú lọ!"

"Ẹ gba ẹ̀yìn lọ. Obìnrin ò ní ba kọ́ọ̀bù mi jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló kù. Ọ̀mùtí ni, kò ní kú."

"Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ènìyàn yín ńkọ́?"

"Ènìyàn mi kankan ò sí lọ́hùn-ún."

Ọmọ́yẹni gba ẹ̀yìn, ó ń sunkún lọ. Ògiri ló wà lápá kan, ẹrẹ̀ ló wà lápá kejì, èrò sì há pinpin.

4.
Fèrè dún. Wọ́n gba kọ́ọ̀bù! Wọ́n gbé Yẹ̀kínì sí èjìká, wọ́n ń gbé e yí pápá ká. Láti orí èjìká yẹn ló ti rí àárín èrò. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀, Ọmọ́yẹni sì ń fi ìborùn rẹ̀ bò ó lójú.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!"

Wọ́n rò pé ayọ̀ ló ń pa á. Wọ́n tún jù ú sókè.

Nígbà tó fi máa débẹ̀, ara Ọláyíwọlá ti ń tutù.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣe nǹkan kan, mo bẹ̀ yín!"

"Mo ti lu ẹran náà jáde, brọ̀dá. Ẹ̀mí ló ti lọ kí n tó dé."

Yẹ̀kínì kò wo bọ́ọ̀lù mọ́ láyé rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí obìnrin náà fi kó kúrò ní Okokomaiko.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹnì kan bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹ dá bọ́ọ̀lù dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọjá, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ẹ má dúró bèèrè ọmọ ta ni. Wọ́n á tún gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kú ò ní padà wá wò ó. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.